Káàdì Ọmọ Kẹrin

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná, lẹ́yìn náà kó wá bú mi dáadáa. Èmi Sàdíátù, ọmọ bíbí ìlú Òjó, onílé ní Òkókómáíkò, èmi ni mo dá àbá náà. Kò sẹ́ni tó fi tipá mú mi. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́, nínú pálọ̀ mi, lọ́sàn-án gangan, tí mo jókòó sórí àga bí ẹni tó gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ́wùmí ni mo fẹ́ sọ. Ọdún 1983 ni òun àti ọkọ rẹ̀, Ládépọ̀, wá gba yàrá méjì lọ́wọ́ mi. Ará Ayétòrò ní apá Ẹ̀gbádò ni àwọn méjèèjì. Ládépọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe páànù lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, á gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kó tó fèsì ẹyọ kan, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú. Ọmọ́wùmí ní tirẹ̀, táípísì ni. Nígbà tó yá, ó gba ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńpẹ́ kan ní Ìyànà-Ìbà, nítòsí géètì yunifásítì, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé wọn.

Obìnrin tínínrín ni, adúmáadán, tó máa ń fi bírò há etí kiri bí ẹni pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run dá a sí. Kì í bá èèyàn jà. Àmọ́ gbé ìwé lọ bá a tí orúkọ ẹnìkan ṣì nínú rẹ̀, wàá gbọ́ ohùn rẹ̀. "Orúkọ èèyàn ni o," á ní, "kì í ṣe àmì ara àpò sìmẹ́ńtì." Ọmọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ́wùmí lé e padà nínú òjò pé kó lọ béèrè. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ò fẹ́ jẹun ni?" Ó kàn rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ń ti Òjó wọkọ̀ wá bá a, torí pé ìwé tó bá ti tẹ̀, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ó ti bí ọmọ mẹ́ta, Bọ́lájí ni àgbà wọn, kó tó wá bí ìbejì lọ́dún 1985. Obìnrin làwọn méjèèjì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ìbejì rí, mi ò rí irú èyí. Ojú kan náà, ohùn kan náà, ẹ̀rín kan náà. Èmi tí mò ń wẹ̀ wọ́n, mo so òwú pupa mọ́ ọwọ́ Táyé kí n má baà wẹ ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì kí èkejì sì wà pẹ̀lú ìdọ̀tí. Láti ọjọ́ náà la ti gbàgbé Ìyá Bọ́lájí, Ìyá Ìbejì la ń pè é.

Ọdún 1991 ni ọ̀rọ̀ káàdì dé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin pé ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju àádọ́ta lọ gbọ́dọ̀ fi wọ́n sínú ìnṣọ́ránsì ìlera, àti pé ìnṣọ́ránsì náà gbọ́dọ̀ máa sanwó ẹ̀rọ tuntun kan tó ń ya àwòrán inú orí èèyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní síkáànù. Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tí dókítà bá ní kó lọ ya síkáànù, àfi kó lọ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Inú wa dùn. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe tò ó: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyàwó kan, ọmọ mẹ́rin péré, bí wọ́n ṣe bí wọn tẹ̀ léra. Ọmọ karùn-ún ò sí lójú òfin. Olúkúlùkù á ní káàdì tirẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Ẹni tí kò bá ní káàdì, ìnṣọ́ránsì ò mọ̀ ọ́n rí.

Ládépọ̀ gbé fọ́ọ̀mù wálé. Ọmọ́wùmí gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù wá, ó gbé e ka orí tábìlì mi, torí pé pálọ̀ mi ló ní ìmọ́lẹ̀. Ó tẹ orúkọ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, pá-pá-pá. Ó wá dé ìlà kẹrin, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ìyá Onílé," ó ní, "èwo nínú wọn ni kí n kọ?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ta ni àgbà?"

Ǹjẹ́ ọmọ Yorùbá kan wà tí kò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀hìndé ni àgbà. Táyé ló kọ́kọ́ jáde lóòótọ́, àmọ́ Ẹ̀hìndé ló rán an níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ọmọ́wùmí rẹ́rìn-ín, ó tẹ Ẹ̀hìndé. Lọ́jọ́ kejì, Ládépọ̀ mú fọ́ọ̀mù náà lọ bá Àsánì, akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wọn. Ọmọ Òjó bíi tèmi ni Àsánì. Ó wo orúkọ kẹrin, ó ní, "Ẹ̀hìndé ni àgbà, ó tọ́," ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó rántí yẹ ìwé ìbí wò nínú gbogbo wa. Ohun tó sì wà nínú ìwé ìbí ni pé Táyé dé láago mẹ́ta àbọ̀, Ẹ̀hìndé dé ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Lójú òfin, Táyé ni ọmọ kẹrin.

Ọdún méjì kọjá. Nínú òjò ọdún 1993, Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú orí fífọ́. Á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, á bì kó tó jẹ ohunkóhun. Dókítà kan ní Ìyànà-Ìbà fún un ní oògùn ibà. Ó tún fún un ní oògùn ibà. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rí ọmọ náà tó ń bọ̀ láti sùkúù. Ó fẹ́ wọlé, ó fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó padà sẹ́yìn, ó tún wá, ó tún gbá a. Mo kígbe pe ìyá rẹ̀.

Dókítà kọ lẹ́tà lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní nǹkan wà nínú orí, àfi kí wọ́n lọ ya síkáànù ní ọsibítù ńlá nígboro Èkó, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ládépọ̀ sáré lọ bá Àsánì.

"Káàdì Ẹ̀hìndé ló wà níbí," Àsánì wí. "Táyé ò sí nínú ìwé."

Ìgbà yẹn ni Ládépọ̀ tó yọ ìwé ìbí jáde. Àsánì kà á, ẹnu rẹ̀ ò padé mọ́. Ó ní àṣìṣe ṣeé tún ṣe o, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó o. Àmọ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ń jókòó, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tán lọ́sẹ̀ tó kọjá ni.

Ládépọ̀ padà wálé, ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó bú sẹ́kún. Ọkùnrin tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí! Ọmọ́wùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ni mo bá la ẹnu mi tí kì í dákẹ́.

"Ẹ gbé káàdì Ẹ̀hìndé yẹn wá kí n rí i. Fọ́tò tó wà lára rẹ̀ yìí, ta ló máa sọ pé Táyé kọ́?"

Ládépọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gba káàdì náà, ó wò ó.

"Orúkọ ńkọ́, Mà?" Ọmọ́wùmí bi mí.

"Orúkọ? Ọmọ fẹ́ kú mọ́ ọ lọ́wọ́, o wá ń bi mí ní ọ̀rọ̀ orúkọ?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò tún béèrè mọ́.

Èmi náà bá wọn lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, Ọmọ́wùmí gbé Táyé lé ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. "Kí lorúkọ rẹ?" "Táyé." Á já a ní èékánná. "Kí lorúkọ rẹ?" Nígbà tá a fi máa dé Máìlì Tú, ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ó ń sọ "Ẹ̀hìndé" kí wọ́n tó bi í tán. Ilé la fi Ẹ̀hìndé gan-an sí. Kí a tó jáde ló ti wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ìyá Onílé, tí Táyé bá jẹ́ èmi, ta ni èmi á wá jẹ́?" Mo ní kó lọ gbé ẹnu ẹ̀ sọ́hùn-ún, kó lọ pọn omi.

Ẹ̀rọ náà ya orí Táyé. Kò sẹ́ni tó bi wá ní ìbéèrè méjì. Wọ́n fi fọ́tò káàdì wé ojú ọmọ, wọ́n kọ Ẹ̀hìndé Ládépọ̀ sórí àwòrán náà gàdàgbà. Kókó kan wà lẹ́yìn orí rẹ̀ tó tó ẹyin ẹyẹlé. Wọ́n ní àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ, ìnṣọ́ránsì á san án. Mo yọ̀. Mo wo Ọmọ́wùmí bí ẹni pé, ṣé o rí i báyìí?

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e wọlé. Lọ́sàn-án, dókítà jáde, ó ti bọ́ fìlà orí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀hìndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Lá iláà! Ọmọ́wùmí la ẹnu, mo sì mọ orúkọ tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Mo fò mọ́ ọn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Èmi náà ń sunkún, mò ń sọ sí i létí pé, "Ẹ̀hìndé ni o. Ẹ̀hìndé ni kó o pè. Ọlọ́pàá wà ní géètì." Ó gé mi jẹ. Àpá rẹ̀ rèé, ẹ wò ó, nídìí àtàǹpàkò. Nígbà tí mo gbọ́wọ́ kúrò, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú nìyẹn tí kò rí orúkọ rẹ̀ pè.

Wọ́n fún wa ní ìwé ikú. Ẹ̀hìndé Ládépọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Obìnrin tó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ padà sínú òjò nítorí orúkọ, ó gba ìwé yẹn, ó kà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sínú báàgì. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Àsánì wá sílé. Ó ní òfin sọ pé tí ọmọ kan nínú mẹ́rin bá kú, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sáyè rẹ̀. Nínú ìwé, Ẹ̀hìndé ti kú, Táyé ló sì wà láàyè. Ó ti ṣe káàdì tuntun wá, fọ́tò Ẹ̀hìndé, orúkọ Táyé. Ó tún ní àwọn ènìyàn ìnṣọ́ránsì máa ń lọ sí sùkúù láti wò bóyá ọmọ tó wà lórí káàdì wà lóòótọ́, nítorí náà kí wọ́n tètè yí orúkọ ọmọ náà padà níbẹ̀. "Torí tiyín ni mo ṣe ń sọ ọ́," ó ní. Òótọ́ sì ni, torí tiwa ni. Torí tirẹ̀ náà sì ni, òun ló lu òǹtẹ̀.

Ọmọ́wùmí ju káàdì náà sísàlẹ̀ àpótí. Àmọ́ wọ́n yí orúkọ náà padà ní sùkúù. Ẹ̀hìndé á jí lówùúrọ̀ ní Ẹ̀hìndé, á wọ yúnífọ́ọ̀mù, á rìn gba apá ẹ̀sítéètì Ìbà, á di Táyé. Tó bá dé lọ́sàn-án, á tún di Ẹ̀hìndé. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń bọ̀ wálé.

Ọyẹ́ ọdún 1995 ló dé, ọmọ náà ti pé mẹ́wàá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí àwo fọ́ nínú yàrá wọn. Mo wọlé. Ẹ̀hìndé jókòó sórí ẹní, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ọmọ́wùmí ò sunkún. Ó kàn rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àfọ́kù àwo, ó ń wo ọmọ náà.

Dókítà Ìyànà-Ìbà ò ti ẹ̀ sọ̀rọ̀ ibà rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ìbejì ni wọ́n, inú kan náà ni wọ́n ti wá, ẹ má dúró. Ládépọ̀ lọ yọ káàdì nísàlẹ̀ àpótí. Ọmọ́wùmí já a gbà.

"Mi ò ní fi orúkọ ẹni tó ti lọ pe ọmọ mi níwájú ẹ̀rọ yẹn," ó ní. "Tó bá dáhùn ńkọ́? Ta ni mo máa mọ̀ pé ó dáhùn?"

"Kí wá ni ká ṣe?" Ládépọ̀ pariwo, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ kó pariwo. "Ká lọ jẹ́wọ́? Wọ́n á lé mi, wọ́n á tì mí mọ́lé, ọmọ náà á sì kú sílé. Sọ èyí tó o fẹ́!"

Èmi gbé gèlè mi, mo lọ bá Àsánì. Mo ní mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún ìjọba, kí wọ́n ti èmi mọ́lé, mo ti dàgbà. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á fagi lé káàdì gbogbo ilé wọn. Kí ìgbìmọ̀ tó fún wọn ní òmíràn, á tó oṣù mẹ́fà. Ṣé ọmọ náà ní oṣù mẹ́fà?" Mo pa ẹnu mi dé, mo padà wálé. Ó yẹ kí n ti pa á dé tipẹ́.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló parí ẹjọ́ yẹn. Ó ti ń gbọ́ wa láti orí ẹní. Ó ní, "Màámi, ẹ má sunkún. Mo mọ̀ ọ́n jẹ́. Táyé ni mò ń jẹ́ ní sùkúù."

Kò sẹ́ni tó ní láti já a ní èékánná nínú bọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pe Táyé Ládépọ̀, ó dìde, ó dáhùn, ó tẹ̀ lé e wọlé. Kókó náà wà níbẹ̀, ojú ibi kan náà gan-an, àmọ́ ó kéré, kò ju hóró àgbàdo lọ. Wọ́n ní a tètè dé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ọmọ sì jáde láàyè. Mo wólẹ̀ sí kọ́rídọ̀ ọsibítù, mo fi iwájú orí kanlẹ̀, mo dúpẹ́ títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n dìde kí n má dínà.

Láràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì máa ń wá bi í ní ìbéèrè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ wo la wà? Ibo lo wà yìí? Kí lorúkọ rẹ? Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà kọ́kọ́ la ojú dáadáa. Ó gba ìbéèrè ọjọ́, ó gba ti ọsibítù. Wọ́n bi í ní orúkọ.

"Táyé," ó ní.

Nọ́ọ̀sì wo fáìlì, ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà sí i pé ó gbà á. Mo fi ìgúnpá gbún Ọmọ́wùmí. "Ọmọ gbọ́n!" mo ní. "Ẹ ò rí i bó ṣe rántí?" Ọmọ́wùmí ò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a gbé e dé ilé. Ìyá rẹ̀ se ìrẹsì fún un, ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ẹní. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

"Ó ti parí," ó ní. "A ti dé ilé. Kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí tíṣà. Sọ orúkọ rẹ fún mi."

"Táyé."

"Orúkọ rẹ gan-an, ọmọ mi. Èyí tí mò ń pè ọ́ nílé."

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú mi. Mo rí i pé ó fẹ́ gba ìbéèrè náà. Ó ń wá ohun tí a fẹ́ kó sọ, kò rí i.

"Táyé ni, Mà."

"Ẹ̀hìndé ńkọ́?"

"Ẹ̀hìndé ti kú," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tu èèyàn nínú. "Àbí ẹ ti gbàgbé ni?"

Ọmọ́wùmí dìde, ó wọ bàtà, ó mú báàgì, ó ń sáré lọ sójú títì láti padà lọ bá dókítà. Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo bá a níbi tó dúró sí ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ti kọjá níwájú rẹ̀, kò wọ ọ̀kankan. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn, Ìyá Onílé? Wọ́n bi í ní orúkọ, ó sì gbà á."